Fíìmù ìgbésí ayé àwọn èèyàn àtijọ́: àṣìṣe wo ló yẹ ká ṣọ́ra fún? Ẹ bá wa dá ìmọ̀ràn jọ

Òǹkọ̀wé_Yemẹtu
Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín o. Èmi àtàwọn kan la ń kọ ìwé eré fún fíìmù lórí ayé Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1860 títí dé 1874 tó kú. Owó ọwọ́ wa ò pọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí fíìmù jáde tán káwọn èèyàn wá máa fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn pé ẹ wo aago lọ́wọ́ ẹrú, ẹ wo wáyà iná lẹ́yìn Ààrẹ Látòóṣà, olórí Ìbàdàn nígbà náà. Mo ti wo fíìmù ayé àtijọ́ tó pọ̀, tilé tòkèèrè, ó sì máa ń dùn mí dọ́kàn torí èèyàn tó gbé ayé rí ni wọ́n ń sọ ìtàn ẹ̀, tí àwọn ẹbí ẹ̀ ṣì wà láyé, kì í ṣe àlọ́ ìjàpá. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń rí nínú irú fíìmù báyìí tó ń bà á jẹ́ fún yín, kí ló sì yẹ ká yẹ̀ wò ká tó gbé kámẹ́rà? Bó ṣe wù kó kéré mọ, ẹ sọ ọ́.

Tísà_Ìtàn
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Kí o tó dé orí aago ọwọ́, orí bí obìnrin náà ṣe kú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ làṣìṣe tó tóbi jù wà.

Bó o bá bi èèyàn mẹ́wàá nílùú Ìbàdàn níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ fún ẹ pé májèlé ló gbé jẹ nígbà tí Látòóṣà ká a mọ́lé. Inú eré oníṣe Akínwùmí Ìṣọ̀lá nìyẹn ti wá, ìwé tó jáde ní 1970. Eré ni bàbá yẹn kọ, eré tó dáa gan-an ni, kò pè é ní ìwé ìtàn. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ló wá ń mú eré bí ẹni mú àkọsílẹ̀, wọ́n á wo èyí tí ẹnì kan ti ṣe tẹ́lẹ̀ wọ́n á fi ṣe tiwọn. Ohun tí Samuel Johnson kọ nínú ìwé ìtàn Yorùbá ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó gbé Ìbàdàn láyé ìgbà yẹn gan-an tó sì parí ìwé ẹ̀ ní 1897 (ọdún 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde). Ó ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1874 ni wọ́n yọ obìnrin náà lóyè tí wọ́n fi igbákejì ẹ̀ jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, méjì nínú àwọn ẹrú ẹ̀ gba orí àjà sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá tó ń sùn, wọ́n sì pa á sójú oorun. Kúmúyìílọ, ẹni tó fi ṣe ọmọ, mọ̀ nípa ẹ̀. Lẹ́yìn náà làwọn Ẹ̀gbá ní kí Ìbàdàn sọ bí ọmọ àwọn ṣe kú, torí Ẹ̀gbá ni obìnrin náà lórísun, ìgbà yẹn ni wọ́n wá pa àwọn ẹrú méjèèjì ní gbangba.

Wo ohun tí ìyàtọ̀ yìí ṣe sí èèyàn. Ẹni tó gbé májèlé jẹ ti dá ara ẹ̀ lẹ́jọ́, gbogbo wa á sì lọ sílé pé ìkà pa oníkà. Ẹni tí wọ́n rán ẹrú ẹ̀ sí lóru, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni tiẹ̀, ó yẹ ká béèrè ẹni tó rán wọn.

Ẹ̀sùn tí Látòóṣà fi kàn án náà ńkọ́? Nínú eré, ọ̀rọ̀ Adétutù ẹrú tó lóyún ni ohun gbogbo dá lé. Mẹ́ta lẹ̀sùn tó wà nínú Johnson: pé kò bá Ààrẹ lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, pé kò jáde wá pàdé ẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó ń bọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ aboyún kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Johnson ò kúkú sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni o, ó sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860 àti pé látìgbà yẹn ló ti yí padà sáwọn ẹrú ẹ̀, ó sì le mọ́ wọn púpọ̀. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wà nínú fíìmù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ìjòyè ogun ló ń gba ìbọn àti ẹ̀tù láwìn lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni wọ́n pa.

Òǹkọ̀wé_Yemẹtu
Ha, tísà, ẹ ṣeun gan-an ni. Májèlé ló wà nínú ìwé eré wa báyìí.

Tísà_Ìtàn
Ẹ yọ ọ́. Mo tún ń bọ̀ wá sọ nǹkan mìíràn nípa Ìbàdàn fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù sọ tiwọn.

Ọmọ_Ọjẹ́
Mo ń ta aṣọ òkè, iṣẹ́ tí mo bá bàbá mi nídìí ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ torí òun lojú kọ́kọ́ ń rí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ànkárá wọ ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn 1874. Ilẹ̀ Netherlands ni aṣọ yẹn ti wá, nǹkan bí ọdún 1890 sókè ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá sí etíkun wa, láti Gold Coast ló sì ti kọ́kọ́ tàn káàkiri. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fíìmù ayé àtijọ́ tí mo ń wò, ànkárá ni wọ́n ń ró fáwọn ẹrú, wọ́n á ní torí pé ó wọ́pọ̀. Ẹrú àti àgbẹ̀, kíjìpá ni kí ẹ wá, aṣọ òwú tó nípọn táwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró. Ó ṣì ṣeé rí, bí ò bá sì sí, ẹ ra tẹ́rù òwú lásán kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sínú aró.

Ti Ìyálóde fúnra ẹ̀, etù, sányán, àlàárì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nígbà náà. Àlàárì pupa yẹn, ọ̀nà aṣálẹ̀ lókè Ọya lọ́hùn-ún ni sẹ́dà ẹ̀ ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n tó sì fi jẹ́ aṣọ ọlọ́lá. Ohun tí kò sí ni òwú tó ń dán gbinrin, èyí tó ń kọ mànà bí iná bá kàn án, ayé àwọn ìyá wa nìyẹn dé. Ẹ tún wo fífẹ̀ ẹ̀: aṣọ òkè ayé ìgbà yẹn tín-ín-rín, ọ̀já ọ̀já ni wọ́n ń rán pọ̀, èyí tá à ń hun báyìí fẹ̀ jù ú lọ dáadáa, bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn ẹni tó mọ aṣọ á mọ̀. Gèlè tó le tó dúró gbọnrangandan lókè orí bíi pátákó, ẹ jẹ́ kó wà fún ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé.

Àrán wà o, kẹ́ni kankan má sọ fún yín pé ti òyìnbó ni ẹ yọ ọ́. Olówó ni Ẹfúnṣetán, òwò ẹ̀ dé Abẹ́òkúta, ó dé etí òkun, kò sí nǹkan tó ń wọlé láti òkè òkun nígbà náà tí ọwọ́ ẹ̀ ò tó. Iyùn náà wà.

Aládìrẹ_Ìtòkú
Ọmọ Ọjẹ́ sọ̀rọ̀ gidi. Mo fi ti àdìrẹ kún un torí gbogbo olùdarí fíìmù ló rò pé àdìrẹ ti wà láti ayé Odùduwà. Èyí tá à ń fi ìko dì, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń fi ìyẹ́ tàbí páànù ya àwòrán sí, lẹ́yìn 1900 ló gbòde nígbà tí tẹ́rù òyìnbó pọ̀ lọ́jà. Méjì wà tí mo máa ń rí nínú fíìmù tí mo máa ń pariwo. Ọ̀kan ni Olóba, tó ní àwòrán ọba àti olorì láàárín, àjọyọ̀ ọdún 25 King George V lórí ìtẹ́ ní 1935 ni wọ́n fi ṣe é, ọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára aṣọ yẹn. Èkejì ni Ìbàdàndùn. Ẹ wo Ìbàdàndùn dáadáa, àwọn òpó tó wà nínú ẹ̀ yẹn, òpó Mápó ni, ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó. Ẹ wá fi wọ ìyàwó jagunjagun ayé Látòóṣà, ọkọ ẹ̀ ti kú kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé tó wà lára aṣọ ẹ̀ lélẹ̀.

Oníkámẹ́rà
Ohun tí èmi ń rí láti ẹ̀yìn kámẹ́rà yàtọ̀ sí tiyín. Ara òṣèré ló máa ń tú wọn fó. Ẹ wo apá òsì obìnrin tó ró ìró sí àyà, àpá róbótó kékeré máa wà lókè apá, abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun. Ọdún 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún èèyàn. Gbogbo wa ló ní in, ìdí nìyẹn tí ojú wa ò fi rí i mọ́, ṣùgbọ́n bí òṣèré bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà báyìí ó ti dé nìyẹn. Kí ẹni tó ń kun ojú bò ó mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Dípò ẹ̀, àpá ṣànpọ̀nná lojú ẹni méjì mẹ́ta láàárín èrò ọjà ló bá ayé yẹn mu.

Ìpéǹpéjú àtọwọ́dá, èékánná gígùn, eyín onírin, ara tí wọ́n ti fi ìpara bó, ẹ sọ ọ́ kí òṣèré tó gba iṣẹ́, kó má di ìjà lọ́jọ́ tí ẹ ń ya. Ilà ojú náà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní kẹ́ ẹ sì máa fi wé e lójoojúmọ́. Mo ti rí fíìmù tí pélé bàbá kan wà lójú nígbà tó wọlé, nígbà tó máa jáde ó ti di àbàjà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ya Ìbàdàn láti orí òkè, ẹ ṣọ́ra. Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí Òkè Ààrẹ, 1936 ni. Cocoa House, 1965. Páànù orí ilé tó ti dípẹtà tí gbogbo ayé fi mọ Ìbàdàn yẹn pàápàá, kò sí níbẹ̀ ní 1874, koríko ni gbogbo ìlú fi bo ilé. Ẹ wá àgbàlá kan ṣoṣo tó dáa kẹ́ ẹ yà á láti ìsàlẹ̀, kámẹ́rà má ga.

Àgbẹ̀_Ìdó
Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ẹ ò tíì sọ ti igbó. Lójú tèmi igbó ló ń purọ́ jù nínú fíìmù wa. Jagunjagun á máa yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bọ̀, kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ewé Akíntọ́lá! Igbó náà kún fún un. Ewé yẹn ò sí nílẹ̀ yìí rárá àfi lẹ́yìn ìparí àwọn ọdún 1930, ẹ ò rí i pé orúkọ olóṣèlú ni wọ́n fi pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba oko wa. Igi tíìkì tó tò lọ rẹrẹ bí ọmọ iléèwé, ìjọba òyìnbó ló gbìn ín. Kòkó náà, ọdún 1874 ò tíì sí oko kòkó ní Ìbàdàn, iṣu, ọkà bàbà, àgbàdo, ẹ̀wà, òwú, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá sí oko Ìyálóde. Johnson ní ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ lóko ẹ̀ nìkan tó 2,000, ẹ jẹ́ ká rí ebè lọ súà, kì í ṣe ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé.

Tísà wa sì sọ nǹkan kan lókè tẹ́ ẹ fò kọjá. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni wọ́n pa á. Àárín òjò nìyẹn! Ilẹ̀ tutù, àgbàdo tuntun wà lọ́jà, koríko orí ilé ti mumi, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké. Bí ẹ bá lọ ya alẹ́ ikú ẹ̀ nínú ọyẹ́, tí eruku pupa ń fẹ́, tí ètè òṣèré ti bó, ẹni tó ń ṣoko á mọ̀ pé irọ́ ni.

Òǹkọ̀wé_Yemẹtu
Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ la fẹ́ ya gbogbo ẹ̀ o. Á jẹ́ pé a máa pín in sí méjì nìyẹn, torí mo fẹ́ràn òjò yẹn, òjò á bo ìró ẹsẹ̀ wọn lórí àjà.

Oníkámẹ́rà
Òjò gidi ò rọrùn láti gba ohùn sí. Ẹ ya ìta nínú òjò, ẹ ya yàrá nígbà tó bá wù yín, ilẹ̀ tutù àti omi tó ń kán létí òrùlé ti tó. Ẹ sì jẹ́ kó ṣókùnkùn. Fìtílà epo pupa kan ṣoṣo ni yóò wà nínú yàrá yẹn, kì í tàn kọjá ibi tó wà. Mo ti rí yàrá ọba láyé àtijọ́ nínú fíìmù kan tó mọ́lẹ̀ bí ilé ìfowópamọ́.

Ará_Peckham
Lójú tiwa níbí ní London, ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Braveheart tó jáde ní 1995, tó gba àmì ẹ̀yẹ rẹpẹtẹ, ẹ lọ wo ìtàn William Wallace, jagunjagun ilẹ̀ Scotland tí fíìmù náà dá lé. Ọmọ ọba Faransé tí wọ́n ní ó lóyún fún un, Isabella, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n pa Wallace ní 1305, ó ṣì wà nílé bàbá ẹ̀, 1308 ló tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun Stirling Bridge ti 1297, orí afárá ni wọ́n ti ṣẹ́gun torí afárá náà tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ò lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn gan-an ni ọgbọ́n ogun ọ̀hún. Fíìmù yọ afárá kúrò, wọ́n jà á ní pápá gbalasa. Bí ọkùnrin náà ṣe lóye tó kò hàn mọ́, igbe àti idà nìkan ló kù. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí nǹkan bá wà nínú ìtàn tó ṣòro láti yà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá òun ni ìdí ìtàn náà.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni The Woman King, ti 2022, wọ́n ní Dahomey (ní ilẹ̀ Benin òde òní) ní 1823 ni. Òótọ́ ni pé Dahomey ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ àti pé Ghezo ọba wọn ló dá a dúró. Òótọ́ ni pé àwọn obìnrin ológun yẹn wà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé Ghezo kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi òwò ẹrú sílẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n fi Ọ̀yọ́ ṣe ẹni tó ń fipá mú wọn. Ghezo ta ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, 1852 ló tó bá Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé, kò sì pẹ́ tó fi padà sídìí ẹ̀. Àwọn obìnrin ológun yẹn kan náà wá sí Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, àwọn bàbá wa lé wọn padà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí wo fíìmù yẹn, wọ́n jáde pẹ̀lú ìdùnnú, àwa òbí la wá jókòó ṣàlàyé. Aṣọ inú ẹ̀ dára, irun dára, ìjà dára. Ẹ̀bi ni wọ́n pín lódì.

Ẹ̀gbá_Ní_Mí
Ará Peckham, o ti sọ ọ́. Mo fi kún un fáwọn tó bá ń ṣe ti ayé tó sún mọ́ wa, torí wọ́n pọ̀ báyìí. Ẹni tó bá ń ṣe ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ìjà owó orí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, 1947 sí 1949: ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń rìn nígbà náà, 2 oṣù kẹrin 1972 la tó bọ́ sí ọ̀tún, ẹni tó bá ya mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀tún ní Ìjẹ̀mọ̀ 1947 ti ṣìnà. Fẹlá, 1938 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹ má gbé fèrè lé e lọ́wọ́. Ransome-Kuti ni orúkọ ẹ̀, kò tíì di Aníkúlápó. Alákè Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949, ó sì padà ní oṣù kejìlá 1950. Fíìmù tó bá parí síbi tó ti lọ láìsọ pé ó padà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì hàn lójú àwòrán níparí.

Owó náà: náírà ò sí, 1 oṣù kìíní 1973 ló dé. Ọ̀nínì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, pọ́n-ùn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bú òṣèré tó bá pe kọ́bọ̀ nínú fíìmù ayé òyìnbó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ìyá wa ń pe péńnì ní kọ́bọ̀ kí náírà tó wà rárá. Kì í ṣe gbogbo ohun tó rí bí àṣìṣe ló jẹ́ àṣìṣe.

Ará_Muṣin
Ti àwọn olórin ńkọ́! Mo ń gbádùn fíìmù olórin ayé 1970 ṣùgbọ́n ibi ìnáwó ni wọ́n máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹ máa ná an lówó bó ṣe wà lọ́dún yẹn ẹ jọ̀ọ́. Ogún náírà Murtala, oṣù kejì 1977 ló jáde, torí náà àríyá 1975 ò lè ní in. Àádọ́ta náírà, 1991. Ọgọ́rùn-ún, 1999. Ẹ tún gbọ́, olórí àríyá á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn á ní òun kí gbogbo ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nínú fíìmù tí wọ́n kọ 1979 sí níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́ ni gbogbo ẹ̀ nígbà náà, oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀.

Tísà_Ìtàn
Mo padà dé. Ọ̀rọ̀ owó tẹ́ ẹ sọ yẹn kan Ẹfúnṣetán gan-an. Mo máa ń rí fíìmù tí olówó á ju àpò kékeré kan bí ìkúùkù sọ́wọ́ oníṣòwò tó fi ra ẹrú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sókùn kan, okùn 50 jẹ́ egbàá, egbàá mẹ́wàá ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, ẹrù odidi alágbára kan nìyẹn. Ẹrú kan kì í ṣe ọ̀kẹ́ kan. Nítorí náà bí Ìyálóde bá ń san owó ìtanràn fún àwọn ìjòyè, ẹ jẹ́ ká rí àwọn tó rù ú, ẹ jẹ́ ká rí àwọn tó jókòó tì í tó ń kà á láti àárọ̀. Obìnrin náà san owó yẹn lóòótọ́, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìran yẹn nìkan tó láti sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Ìbàdàn wá kù. Kò sí ọba aládé ìlẹ̀kẹ̀ ní Ìbàdàn 1874. Ìlú ológun ni. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí ìlú, tí jagunjagun bíi Látòóṣà bá sì wà níbẹ̀ tó jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè yẹn ni wọ́n fi ń kí i. 1936 ni Baálẹ̀ di Olúbàdàn, adé ìlẹ̀kẹ̀ tún pẹ́ ju ìyẹn lọ, ó di àwọn ọdún 1970. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kí Látòóṣà ní kábíyèsí o, Aláàfin Adélù wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu jù: Mùsùlùmí ni Látòóṣà. Nínú gbogbo fíìmù ẹ tẹ́ ẹ wò, oògùn àti ọfọ̀ nìkan lẹ rí. Ẹ jẹ́ kó di ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mú, ẹ jẹ́ káwọn àlùfáà wà láàárín àwọn tó ń bá a dámọ̀ràn. Kò ní kí oògùn má sí níbẹ̀, Ìbàdàn gba gbogbo wọn mọ́ra. Àwọn onígbàgbọ́ náà ti wà, Hinderer, òyìnbó míṣọ́nárì, àtìyàwó ẹ̀ ti ń gbé Kúdẹtì láti 1853, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní iléèwé, ọmọ Ìbàdàn ti ń ka ABD nígbà tí Ẹfúnṣetán wà lójú ọpọ́n. Bí ọmọ kékeré kan bá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ nínú fíìmù yín, àwọn kan máa pariwo pé irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo.

Ìbọn wà, ìbọn tí wọ́n ń fi ẹ̀tù kì láti ẹnu. Èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, ogun Kírìjì ló gbé e wọlé tọ̀ wá, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, lẹ́yìn ikú ẹ̀. Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pè é; ọdún 1897 ni orúkọ yẹn kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì.

Òǹkọ̀wé_Yemẹtu
Tísà, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Ìbéèrè kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Ọdún mẹ́rìnlá la ní láti kó sínú wákàtí méjì. Mo ti pa ìjòyè mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, mo sì fa ikú ọmọ rẹ̀ súnmọ́ ìyọlóyè kí ìbànújẹ́ náà lè so mọ́ra. Ṣé ìyẹn náà ò di irọ́?

Tísà_Ìtàn
Pé o pa ìjòyè mẹ́ta pọ̀, kò burú, kí o má fún un lórúkọ ẹni tó wà rí nìkan. Ẹni tó lórúkọ nínú ìtàn ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ, o ò lè gbé ìwà ẹlòmíì wọ̀ ọ́. Ti ọmọ ẹ̀ yẹn ni mi ò gbà. Ọdún mẹ́rìnlá ló wà láàárín ikú ọmọ yẹn àti ìyọlóyè. Bí o bá fà wọ́n mọ́ra, ìbànújẹ́ ló máa dà bíi pé ó ba òṣèlú ẹ̀ jẹ́, á wá jọ pé obìnrin tí orí ẹ̀ ti dàrú ni wọ́n yọ. Obìnrin yẹn fi ọdún mẹ́rìnlá gbé ìbànújẹ́ náà kiri, ó ń ṣòwò, ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, ó ń yá wọn ní ìbọn. Jẹ́ kí ọdún náà gùn.

Ará_Peckham
Mo fara mọ́ tísà. Ẹ kọ ọdún sójú àwòrán, 1860, lẹ́yìn náà 1874. Èèyàn á lóye.

Ọmọ_Ọjẹ́
Mo ta ko yín díẹ̀ o. Bí gbogbo nǹkan bá ti di ọdún àti òfin, a ò ní fíìmù mọ́, ìwé ìròyìn la ń kà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí Ẹfúnṣetán bá ọkọ ẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ ní yàrá, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fún òǹkọ̀wé láyè kó ro ó dáadáa kó fi sí i lẹ́nu.

Tísà_Ìtàn
Ìyẹn tọ́, mi ò bá a jà. Ibi tí àkọsílẹ̀ ti dákẹ́ ni kí òǹkọ̀wé ti sọ̀rọ̀. Ibi tí àkọsílẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, kó má pa á lẹ́nu mọ́.

Oníkámẹ́rà
Nǹkan tó ti ràn mí lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́: ẹ ṣe pépà kan fún ìran kọ̀ọ̀kan. Ọdún, oṣù, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ orí ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ yẹn, oyè tó ń jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń jẹun (igbá àti àwo amọ̀ o, kò sí rọ́bà), owó. Kí ẹnì kan ṣoṣo di pépà yẹn mú, kó ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Bí kò bá ní àṣẹ yẹn, á rí kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn Ààrẹ á sì dákẹ́ torí ojú ọ̀gá.

Àti pé kẹ́ ẹ gba àwọn ìyá àgbà méjì láti jókòó tì yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ya ilé ìdáná. Ọ̀nà tí òṣèré ń gbà di ọmọ orí odó mú, wọ́n á mọ̀ pé kò gún iyán rí.

Òǹkọ̀wé_Yemẹtu
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lóru òní mo ti yọ májèlé, mo ti fi ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn sí àárín ìgbìmọ̀, alẹ́ òjò ló máa parí ẹ̀. Èyí tó kù tí mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà ni ilé náà fúnra ẹ̀. Bí wọ́n bá máa gba àjà wọlé, ó di dandan ká ní ilé alámọ̀ tó ní àjà tí koríko sì wà lórí ẹ̀, gbogbo ibi tá a ti lọ wò páànù ni. Ṣé ẹnì kan mọ ẹni tó ṣì lè bo ilé?

Àgbẹ̀_Ìdó
Wọ́n ṣì wà, ẹ lọ sápá Ọ̀yọ́ àti Ṣakí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà tó ń bo àká. Koríko bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́, ẹ má gba imọ̀ ọ̀pẹ, ti apá etí omi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gé e, kí wọ́n tó dáná sun igbó. Bí ẹ bá dúró dìgbà tó bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ó ti jóná tán nìyẹn. Ẹ bá wọn sọ ọ́ báyìí, kí wọ́n gé e pamọ́ dè yín ní oṣù kìíní, kí wọ́n bo ilé ní oṣù kejì, tó bá fi máa di oṣù kẹfà, òjò á ti pa á, àwọ̀ ẹ̀ á ti ṣú, bí ilé tó ti pẹ́ ṣe ń rí gẹ́lẹ́ ni yóò rí.